Ṣé O Mọ̀? Ẹja Odò Aiba

Ṣé o mọ̀ pé odò Aiba tí wọ́n sé ní Ìwó nítorí omi ẹ̀rọ ìlú tún di oko àwọn apẹja? Epìyà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ mú ṣáṣá. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú yóò fara gbọgbẹ́.

Kì í ṣe gbogbo odò tí wọ́n sé ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Arkansas, l'Amẹ́ríkà, omi tó ń ti abẹ́ dáàmù Norfork jáde láti 1944 tutù jù fún ẹja ìbílẹ̀. Ìjọba ló ń sin ẹja trout, tó fẹ́ràn òtútù, tí wọ́n sì ń dà á sódò.

Ooru Ìwó yóò pa trout. Ti epìyà kò rí bẹ́ẹ̀: ooru ló bá a lára mu, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń bí sí i. Àwọn kan lára wọn tilẹ̀ ń gbé ẹyin wọn sẹ́nu títí yóò fi pa.