Ẹ palẹ̀ mọ́, kí ẹ tú ọmọ sílẹ̀ kó ṣeré

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ la fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn ọmọ ọdún kan títí dé ọdún mẹ́ta. Ọmọ ọjọ́ orí yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bó ṣe ń ti ọwọ́ bọ inú gààrí ni yóò máa fa aṣọ orí okùn, kí ẹ sì tó yíjú padà, ó ti gbé ìdérí ìkòkò dé ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ fojú inú wo ilé kan ní Èkó-Èǹdè lọ́sàn-án. Ìyá ọmọ ti lọ sọ́jà ní Ìkìrun, bàbá ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn, màmá àgbà ló kù sílé pẹ̀lú ọmọ. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n lè pọn ọmọ sẹ́yìn títí di ìrọ̀lẹ́, tàbí kí wọ́n fún un ní fóònù kó máa wo àwòrán. Ọmọ á dákẹ́, ilé á tòrò. A ò dá wọn lẹ́bi, nítorí ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ló fà á. Wọn ò fẹ́ kí iná jó ọmọ, wọn ò fẹ́ kó kó sí kànga. Ṣùgbọ́n inú eré ni ọmọ yìí ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ronú. Dípò kí ẹ de ọmọ mọ́lẹ̀ nítorí ewu, ewu gan-an ni kí ẹ kó kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá tú ọmọ sílẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ ọdún kan àti ọmọ ọdún méjì máa fi wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, rìn, sáré, gun nǹkan, kó sì ṣeré lójúmọ́. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o. Díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní kí a má ṣe de ọmọ mọ́ ojú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ lórí àga tàbí ní ẹ̀yìn ìyá. Ní ti tẹlifíṣàn àti fóònù, wọn ò fẹ́ kí ọmọ ọdún kan wò ó rárá. Ti ọmọ ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Oorun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó wákàtí 11 sí 14, tọ̀sán-tòru.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ọmọ pípọ̀n dára. Ó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìyá rí iṣẹ́ ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ẹ bá ti pọ̀n ọ́n tó wákàtí kan tí kò sì sùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó na ẹsẹ̀.

Eré kò ní kí ẹ lówó

Ẹlòmíràn á ní, "Níbo ni mo ti fẹ́ rówó ra ohun ìṣeré?" Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà, ní 1986 sí 1987. Àwọn olùwádìí kó ọmọ 129 jọ láti àdúgbò àwọn tálákà, àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí 24 tí ara wọn kò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ sílé apá kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì, láti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè bá ọmọ ṣeré, kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe ohun ìṣeré kì í ṣe ohun olówó ńlá, nǹkan tó wà nínú ilé ni. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n bá ṣeré yẹn ń gba owó iṣẹ́ tó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò bá ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń bá ọmọ ṣeré lọ́jọ́ òní ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ iwájú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́

Kí ẹ tó tú ọmọ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, kí ẹ fi ojú ọmọ wo yàrá náà. Ẹ ó rí ohun tí ẹ kì í rí bí ẹ bá dúró.

Ẹ gbé sítóòfù, omi gbígbóná, ọ̀bẹ àti oògùn kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Àwọn àgbà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Orí pẹpẹ náà ni kí ẹ kó wọn sí. Kẹrosíìnì àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé, torí ọmọ á rò pé mímu ni. Bí ọmọ bá wá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Bó bá ń bì í, kẹrosíìnì náà lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ gbé e dìde, ó di ọsibítù.

Ẹ tún ṣa ẹ̀pà, àgbàdo gbígbẹ, èkùrọ́, owó ẹyọ àti bátìrì kéékèèké kúrò nílẹ̀. Bí nǹkan bá lè wọ inú ihò páálí róbótó tí wọ́n wé tíṣù mọ́, ó lè há ọmọ lọ́fun. Làílọ́ọ̀nù náà kì í ṣe ohun ìṣeré, ó lè bo ọmọ nímú. Lẹ́yìn èyí, ẹ de kànga, kí ẹ sì da omi tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nù tàbí kí ẹ fi ìdérí tó le dé e.

Eré inú ilé

Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí tí oòrùn bá mú, inú ilé ni ẹ ó ti ṣeré. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ jókòó. Gbogbo eré wọ̀nyí ni ẹni tí orúnkún ń dùn lè ṣe láì dìde.

*Abọ́ àti ìdérí.* Ẹ kó abọ́ oníke mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò tóbi bára wọn fún un, pẹ̀lú ṣíbí onígi. Yóò máa ti èyí bọ ìyẹn, yóò tò wọ́n lérí ara wọn, yóò sì wó wọn. Ẹ má bínú sí ariwo rẹ̀. Bó ṣe ń mọ ńlá yàtọ̀ sí kékeré nìyẹn.

*Bojúbojú.* Ẹ fi etí ìró bo ojú yín, kí ẹ ṣí i, kí ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Bó bá ti mọ ìyẹn, ẹ fi abọ́ bo ṣíbí, kí ẹ bi í pé, "Ṣíbí dà?" Ọmọ tó bá ṣí abọ́ wò ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí kò tíì sọnù.

*Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ onígò.* Ẹ rọ ìrẹsì díẹ̀ sínú ìgò oníke tó gbẹ, kí ẹ dé ìdérí rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì fi ọ̀já tàbí téèpù wé e. Bí ẹ bá ń lu abọ́, kó máa mi ìgò. Ẹ máa yẹ ìdérí náà wò kí ẹ tó tún fún un.

*Páálí ńlá.* Ẹ gé apá méjèèjì rẹ̀ kúrò kí ọmọ lè rá wọ ibí, kó sì gba ọ̀hún yọ. Lọ́jọ́ kejì ó lè di mọ́tò tó ń tì káàkiri ilé.

*Orí dà, imú dà?* Ẹ máa bi í léèrè ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú un lọ síbi kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán ẹbí, kí ẹ bi í pé, "Ta nìyí?" Ẹ máa ki oríkì rẹ̀ fún un, Àkànní ni o, Àṣàkẹ́ ni o. Kò sí fóònù tó lè ṣe èyí bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é, nítorí fóònù kì í dúró gbọ́ èsì ọmọ.

*Iṣẹ́ kékeré.* "Gbé ṣíbí yẹn wá fún mi." "Fi aṣọ yìí sínú abọ́." Eré ni lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ àtigbọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá ti ṣe é, ẹ yìn ín.

Eré ìta

Àárọ̀, àti lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìta dára jù, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ wọ bàtà fún ọmọ nítorí aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ rẹ̀ bó bá padà wọlé.

Yanrìn ni ohun ìṣeré tó dára jù níta. Ẹ wá ibi tí ewúrẹ́ àti ajá kì í ṣu sí, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fún ọmọ ní abọ́ àti ṣíbí. Ẹ lè yí ọsàn sí i kó máa lé e, tàbí kí ẹ fi àkísà wé bọ́ọ̀lù fún un. Ẹ lè so okùn mọ́ páálí kékeré kó máa wọ́ ọ kiri, ṣùgbọ́n kí okùn náà má gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ, kó má baà wé mọ́ ọn lọ́rùn.

Bí ẹ bá mọ káfíńtà kan, ẹ ní kó kan kẹ̀kẹ́ onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ máa ń dì mú kó fi kọ́ ìrìn. Èyí yàtọ̀ sí ike ẹlẹ́sẹ̀ róbótó tí wọ́n ń gbé ọmọ jókòó sí láàárín. Ìyẹn máa ń gbé ọmọ já lórí àtẹ̀gùn, orílẹ̀-èdè Kánádà sì ti fòfin dè é láti 2004.

Ìrìn kúkúrú náà jẹ́ eré. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ wo adìyẹ àti ọmọ rẹ̀, kó ṣa ewé, kó gbé òkúta wá fi hàn yín. Ẹ má kánjú. Bí ó bá ṣubú sórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ má pariwo. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ jẹ́ kó wo iwájú, kó dìde fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi

Ọmọdé fẹ́ràn omi púpọ̀. Omi díẹ̀ nínú abọ́ pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ife tí yóò máa fi bù ú, eré gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó o. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ da omi náà nù kí ẹ tó lọ.

Àwa tí a wà ní agbègbè Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù mọ dáàmù tí wọ́n fi sé odò Ọ̀tìn ní Èkó-Èǹdè. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ibi ìṣeré ọmọdé. WHO sọ pé bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, ló kú sómi lágbàáyé ní 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì súnmọ́ ìdá mẹ́rin kan nínú wọn. Kò dìgbà tó bá jẹ́ odò. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lè pa ọmọ, kì í sì í pariwo bó bá ń rì. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ ọdún méjì ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan. Ọmọdé méjì ni wọ́n, àgbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì

Ọmọ kò dọ́gba, ẹ má fi tiyín wé ti aládùúgbò. Ọmọ kan á rìn ní oṣù mẹ́sàn-án, òmíràn á rìn ní oṣù 15. Àmọ́ bí ọmọ bá pé oṣù 18 tí kò tíì rìn, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, tí kì í yíjú bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí tó ti ń ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹnìkan yóò ní, "Á ṣe é tó bá yá."

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ kó abọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ jókòó ti ọmọ yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá wà nídìí eré, ara ọmọ á le, ẹnu rẹ̀ á yá, ọkàn ẹ̀yin náà á sì balẹ̀.