Ọdẹ Tí Ó Sọ Ìbọn Kalẹ̀: Bí Àwọn Ọdẹ Amẹ́ríkà Ti Ń Ṣètọ́jú Agbo Àgbọ̀nrín

Bí a bá sọ fún ọdẹ ilẹ̀ wa pé ọdẹ kan wà ní òkè òkun tí ó lúgọ sórí igi láti ìdájí títí oòrùn fi là, tí òtútù ń já a jẹ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tí akọ àgbọ̀nrín sì rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ wá sí abẹ́ igi náà, tí ó gbé ìbọn sójú, tí ó wo ẹran náà láti orí dé pátákò, tí ó sì tún rọra sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹran náà lè máa bá tirẹ̀ lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé ṣé kò sí ohun tí ó ń ṣe ọdẹ ọ̀hún. Àwọn àgbà ni wọ́n kúkú sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ; kí ni a ó wá wí nípa ẹni tí ó ti ro ìṣẹ́ ro ìyà tán tí ó sì kọ̀ láti pa ẹran rárá? Síbẹ̀ irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ kò níye ní Amẹ́ríkà lónìí, orí wọn sì pé pérépéré.

Ó yẹ kí n sọ pé àgbọ̀nrín tiwọn kì í ṣe irú tiwa. Ìwo tí akọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ wa bá hù, òun ni yóò gbé dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Tiwọn, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, onírù funfun tí í gbé ìrù sókè bí àsíá nígbà tí ó bá ń sá lọ, a máa wọ́ ìwo dànù lọ́dọọdún nígbà òtútù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí hu òmíràn nígbà tí ewé tuntun bá ń rú. Ìwo náà a sì máa yọ ẹ̀ka bí igi. Bí ìwo yóò ti rí wà lọ́wọ́ oúnjẹ tí ẹran ń jẹ àti ìran tí ó ti wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni baba gbogbo rẹ̀. Akọ ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ṣì ń fi oúnjẹ kọ́ egungun ara rẹ̀, nítorí náà ìwo rẹ̀ kì í sábà ju kékeré lọ. Ó di bí ọdún márùn-ún sí méje kí ọba igbó yìí tó dé adé rẹ̀ tán.

Ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá àwọn ọdẹ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nígbà tí ọdún 1900 fi máa pé, àwọn tí ń pa ẹran tà lọ́jà àti àwọn tí ń gé igbó lulẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run àgbọ̀nrín tán. Ìjọba ṣe òfin ní ọdún 1907 pé akọ nìkan ni kí ọdẹ máa pa, kí wọ́n fi abo sílẹ̀ kí ó máa bímọ. Òfin náà dára, ó sì gba ẹran náà lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi tọ́ ọmọdé, tí a bá ń fi tọ́ àgbàlagbà, kì í pẹ́ di ìpalára. Ìran mẹ́ta dàgbà lórí ẹ̀kọ́ pé èèwọ̀ ni kí ọkùnrin rere yìnbọn fún abo àgbọ̀nrín. Baba sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọdún Ìdúpẹ́ wọn (Thanksgiving), tí í ṣe ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ a ti ilẹ̀kùn kí àwọn ọmọ lè bá baba wọn lọ sígbó, ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀.

Kí ni ó ti ìdí rẹ̀ yọ? Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Àwọn abo ń bí ìbejì, igbó kò sì fẹ̀ sí i. Àgbọ̀nrín jẹ gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ lè tó, títí tí ẹni tí ó bá dúró nínú igbó fi lè rí ojú ìlà gbọọrọ kan lára àwọn igi, tí kò sí ewé kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ igi óákù kò rí ààyè dàgbà. Àwọn ẹyẹ tí ń kọ́lé sínú igbó kúkúrú pàdánù ibùgbé. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, kìkì ewéko kan tí àgbọ̀nrín kì í fẹ́ jẹ ni ó bo ilẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹran fúnra rẹ̀ rù, nítorí oúnjẹ tí kò tó ẹnu méjì ni ẹnu mẹ́rin ń jà lé lórí. Ní ti akọ, nǹkan burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú akọ márùn-ún tí ọdẹ bá pa, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò ju ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lọ. Wọ́n ń pa àwọn ọmọkùnrin ìlú kí irùngbọ̀n wọn tó hù.

Texas ni èrò tuntun ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko méjì, Al Brothers àti Murphy Ray, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1975 tí wọ́n pè ní *Producing Quality Whitetails*. Ohun tí wọ́n sì wí ni pé kí ọdẹ dá akọ kékeré sí kí ó gbó, kí ó sì pa abo níwọ̀n tí oúnjẹ inú igbó lè gbà. Ní ọdún 1988, Joe Hamilton, ọmọ South Carolina, kó àwọn ọdẹ jọ sínú ẹgbẹ́ kan nítorí èrò yìí, èrò náà sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 2002, Pennsylvania fi í ṣe òfin: ọdẹ kò gbọdọ̀ pa akọ tí ìwo rẹ̀ kò bá ní ẹ̀ka mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní àwọn ibòmíràn ẹ̀ka mẹ́rin, àwọn ọmọdé tí ń kọ́ṣẹ́ ni òfin náà fojú fò. Wọ́n sì fún àwọn ọdẹ ní ìwé àṣẹ púpọ̀ sí i láti pa abo.

Gary Alt, onímọ̀ ẹranko tí ìjọba fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, rìn káàkiri ìpínlẹ̀ láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ó ń là á yé àwọn ènìyàn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mìíràn bínú gidigidi, pàápàá nítorí abo. Èmi kò lè dá àwọn tí ó bínú lẹ́bi tán. Ọkùnrin tí ó ti ń rí ogún ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ó wá jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìrí ju ẹyọ kan lọ, kò ní fẹ́ gbọ́ pé igbó ń sàn. Àwọn mìíràn sì wí pé a kì í se ìwo jẹ: ẹran ọbẹ̀ ni àwọn wá, kì í ṣe ohun tí a ó kàn mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, nítorí pé àwọn kan wà lóòótọ́ tí ó jẹ́ pé ìwo nìkan ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ń fi odi gíga yí igbó ká, tí wọ́n sì ń sin àgbọ̀nrín bí ẹní ń sin màlúù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣì gbà pé èèwọ̀ ni abo, àgbọ̀nrín èṣí ni ó ń jẹ lọ́bẹ̀. Lónìí, ju ìdajì àwọn akọ tí wọ́n ń pa ní Pennsylvania ni ó ti pé ọdún méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó dá ojú inú padà fún ọdẹ. Kì í tún ṣe kí ó rí ìwo kí ó yìnbọn. Ó ní láti mọ̀ pé ẹran tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹni pé ó gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọdé ni. Èyí tí ọrùn rẹ̀ ti ki títí ó fi wọnú àyà, tí ikùn rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀, àgbà ni. Bí ó bá pa á tán, a la ẹnu rẹ̀, a wo bí eyín ti jẹ tó, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo kò sì lè dá iṣẹ́ yìí ṣe, nítorí akọ kékeré kì í sábà gbé níbi tí wọ́n bí i sí. Bí ó bá ti tó ọdún kan, a máa ṣí lọ sí ọ̀nà jíjìn, èyí tí o dá sí ní òwúrọ̀ sì lè kú sọ́wọ́ aládùúgbò rẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onílẹ̀ kéékèèké fi ń bá ara wọn ṣe àdéhùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó ṣeni láàánú pé àrùn kan ti dé tí ó fẹ́ da ètò yìí rú. CWD ni wọ́n ń pè é. Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1967 lára àgbọ̀nrín tí wọ́n sé mọ́lé, ó sì dé Pennsylvania ní ọdún 2012. Purotéènì inú ara tí ó ti lọ́ kúrò ní ìrísí rẹ̀ ni ó ń fà á. Ẹran á rù hangogo, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì kú. Kò sí oògùn, purotéènì náà sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbà akọ, èyí gan-an tí àwọn ọdẹ ń dá sí, ni ó sábà máa ń kó o jù, nítorí pé òun ni í rìn jìnnà tí í sì fara kan ẹran púpọ̀. Nítorí èyí, ìpínlẹ̀ Missouri mú òfin ẹ̀ka ìwo kúrò ní àwọn àgbègbè tí àrùn náà wọ̀. Lójú tèmi, wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́, ó sì dun ọ̀pọ̀ ọdẹ.

A kò tíì rí ènìyàn tí ó kó o láti ara àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in. Nítorí náà, ọdẹ tí ó fi ọdún mẹ́ta wo akọ kan títí ó fi dàgbà, nígbà tí ó bá pa á tán, a gé orí rẹ̀, a so ìwé nọ́ńbà mọ́ ọn, a sì gbé e lọ sí ibi tí ìjọba ń gbà á. Yóò kun ẹran náà, yóò kó o sínú yìnyín, yóò sì máa retí èsì kí ó tó dá iná ọbẹ̀.