Bí ọlọ́pọ́n ayò ṣe lè rí obìnrin fà mọ́ra

Ayò kò le: ojú 12, ọmọ ayò 48, èèyàn méjì. Síbẹ̀, ọkùnrin ló sábà ń yí ọpọ́n ká ní Òṣogbo àti Iléṣà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ta á, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin wà lọ́jà tàbí nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọ̀ta sì máa ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò nídìí ọpọ́n ń pàdánù oníbàárà nìyẹn. Kí ó gbé ọpọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀pẹ, kí ó sì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, kí ó ṣe ìdíje ìyá àtọmọ, kí ó fi àdìrẹ Òṣogbo ta wọ́n lọ́rẹ. Ìyá tó bá mọ ayò ta yóò kọ́ ọmọ rẹ̀. Oníbàárà ọ̀la nìyẹn.