Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Kòkòrò Inú Imú Ajá

Ǹjẹ́ ẹ ní ajá nílé? Bí o bá ń gbé ní Àkúrẹ́, bóyá ajá tí ń ṣọ́ ilé lóru ni. Bí ó bá jẹ́ ìlú Oǹdó tàbí àwọn abúlé tí ó yí i ká ni o ń gbé, ó lè jẹ́ ajá ọdẹ. Imú ni ajá fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọdẹ bá wọ igbó, ajá ni yóò kọ́kọ́ gbóòórùn ọ̀yà tàbí òkété níbi tí ojú ènìyàn kò ti rí nǹkan kan. Ajá kan náà ni ẹran Ògún, òrìṣà àwọn ọdẹ àti àwọn alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ìlú Oǹdó.

Ní ọjọ́ kan, o lè rí i tí ajá yín dúró gbọn-in. Ó na ọrùn, ó ya ẹsẹ̀, ó sì ń fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo, bí ẹni pé eegun há a lọ́fun. Láìpẹ́, ó dákẹ́, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Kí ni ó ṣe é?

Ohun púpọ̀ ni ó lè fa èyí. Ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́, ó lè jẹ́ èéfín, ó sì lè jẹ́ èso koríko tí ó wọ ajá nímú. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ènìyàn kì í tètè fura sí. Òun ni kòkòrò inú imú ajá.

Ẹbí eégbọn àti aláǹtakùn ni kòkòrò yìí. Bí ó bá dàgbà, ẹsẹ̀ 8 ni ó máa ń ní. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òrí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 1.5. Mú rúlà rẹ, kí o wo àlàfo tí ó kéré jù lọ láàárín ìlà méjì lára rẹ̀. Bí kòkòrò náà ṣe mọ nìyẹn! Eégbọn máa ń wà ní etí ajá níbi tí a ti lè rí i, kí a sì já a kúrò. Ṣùgbọ́n inú imú lọ́hùn-ún ni kòkòrò yìí ń gbé, títí dé inú ihò tí ó wà nínú egungun iwájú orí.

Ní ọdún 1940 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí i ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti yẹ imú àwọn ajá tí ó ti kú wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ajá 1 nínú 4 tí wọ́n bá a nínú imú rẹ̀.

Báwo ni ajá ṣe ń kó o? Ajá kì í dọ̀bálẹ̀, kì í sì í kúnlẹ̀. Imú ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Bí imú ajá méjì bá kan ara wọn, kòkòrò náà lè rìn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Kì í gbé inú imú ènìyàn.

Ajá tí ó ní kòkòrò yìí a máa sín ṣáá. A máa gbọn orí, a máa fi ojú ra ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà ní imú rẹ̀. Èyí tí ó burú jù fún ọdẹ ni pé ajá náà lè má gbóòórùn dáadáa mọ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n ajá yìí ń gbọ́ fèrè. Imú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Bí a bá lù ú pé ó ti ya ọ̀lẹ, a ṣẹ̀ ẹ́.

Má ṣe ro kẹrosíìnì, omi ata tàbí omi tábà sí imú ajá. Bí ó bá fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè kú. Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà lè fi omi ṣan imú rẹ̀, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ tín-ín-rín tí ó ní iná wo inú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ń pa kòkòrò náà ni Ivermectin. Oògùn yìí kan náà, tí a ń pè ní Mectizan, ni a ti pín fún àwọn ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí àrùn ìfọ́jú tí eṣinṣin etí odò ń tàn kálẹ̀. Síbẹ̀, má ṣe fún ajá ní oògùn ènìyàn. Irú àwọn ajá kan wà tí oògùn yìí lè pa. Dókítà ni ó mọ ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí ajá bá pọ̀ nílé, gbogbo wọn ni yóò tọ́jú pọ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: má ṣe ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tí ó dà bí ẹni pé eegun há lọ́fun. Ajá tí ó ní àrùn dìgbòlugi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ a yí padà, kò sì ní lè gbé nǹkan mì. Àrùn yìí ń pa ènìyàn. Bí ajá bá bù ọ́ jẹ, fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì sọ fún àgbàlagbà kí ó mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Ajá kò lè sọ ohun tí ń ṣe é. Ìwọ ni kí o máa kíyè sí i, kí o sì bá a sọ ọ́.

ÌDÁNRAWÒ
1. Ẹsẹ̀ mélòó ni kòkòrò inú imú ajá máa ń ní bí ó bá dàgbà?
2. Báwo ni ajá kan ṣe ń kó o lára ajá mìíràn?
3. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí a fi lè mọ ajá tí ó ní in.
4. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a ro kẹrosíìnì sí imú ajá?
5. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí ajá bá bù ọ́ jẹ?