Oògùn Ẹnu, Oògùn Etí

Ìwé ìlàlóye lórí ìtọ́jú àìsàn ọkàn ọmọdé, fún òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá àti agbègbè rẹ̀

Bí òbí bá gbé ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ wá sí ilé ìwòsàn, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń ṣáájú: "Ṣé ẹ máa fún un lóògùn ni?" àti "Ṣé kò ní máa lò ó títí ayé báyìí?" Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ohun tó ń ṣe ọmọ gan-an ló máa dáhùn wọn. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ń wò ó. Òmíràn wà tí ọ̀rọ̀ kò ní wọ ọmọ létí àfi tí oògùn bá kọ́kọ́ fara balẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan sì wà tó ń fẹ́ méjèèjì pọ̀.

Kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, ẹnì kan nínú méje ló ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Bí ọmọ 70 bá kún kíláàsì kan, mẹ́wàá nìyẹn.

Kí là ń pè ní ìtọ́jú ọ̀rọ̀?

Kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ìbáwí. Ọmọ máa ń jókòó pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bíi wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn, bébà àti kíréyọ̀nù ni yóò fi sọ ọ́, tàbí bèbí àti mọ́tò ìṣeré. Òbí tó bá yọjú wò wọ́n lè rò pé eré lásán ni. Bẹ́ẹ̀, ìyá àti bàbá náà ní iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀: wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ọmọ yé láìkọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn.

Àpẹẹrẹ ohun tó lè mú kí ọmọ nílò irú ìtọ́jú yìí wà nílẹ̀ ládùúgbò yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn kan ti lu páìpù epo ní Abúlé Ẹ̀gbá, èrò sì ń gbọ́n epo nígbà tí iná sọ. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2020, iná páìpù tún sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá kan náà. Ọmọ tí ojú rẹ̀ rí irú nǹkan báyẹn lè máa ta jí lóru, ó lè padà sí títọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́ nínú rẹ̀, òórùn bẹntiróò nìkan sì lè mú kó bú sẹ́kún. Bí èyí bá ti kọjá oṣù kan tí kò lọ, ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn.

Oògùn kọ́ ni ìtọ́jú tí a máa kọ́kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú á kọ́kọ́ kọ́ ọ bó ṣe lè mí kanlẹ̀ kí àyà rẹ̀ má já mọ́, lẹ́yìn náà ni ọmọ á máa sọ ìtàn ohun tó rí, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lè sọ ọ́ tán lójú òbí rẹ̀. "Gbàgbé ẹ, má rántí ẹ mọ́" ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ fún ọmọ. Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ní kí ọmọ má sọ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní 2006 ti ń tọ́ ọmọ tiwọn báyìí. Bí ẹ̀yin náà bá wà nínú wọn, tí àyà yín ṣì ń já, kò pẹ́ jù fún yín láti gba ìtọ́jú.

Nígbà wo ló yẹ kí ọmọ lo oògùn?

Ẹ jẹ́ ká fi ìsoríkọ́ ṣe àlàyé. Lára ọmọ ọdún 13 tàbí 15, ó lè má jọ ìbànújẹ́ rárá. Ìbínú ló sábà máa ń yọ sójú, tí ilé á máa pè é ní ìgbéraga tàbí ìwàkíwà: ọmọ kò jẹun dáadáa, kò sùn, ó pa ọ̀rẹ́ tì, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń wálẹ̀. Ní 2004, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní TADS jáde, lórí ọ̀dọ́langba 439 tí ìsoríkọ́ wọn le. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba oògùn fluoxetine pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀rọ̀, 71 ló sàn dáadáa. Ti àwọn tó gba oògùn nìkan jẹ́ 61, ti àwọn tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ nìkan jẹ́ 43, ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú sì jẹ́ 35. Àwọn tó gba méjèèjì ni èrò àtipa ara ẹni dín kù lọ́kàn wọn jù.

Ti ọmọ tí ìbẹ̀rù àti àìbalẹ̀ ọkàn ń dà láàmú yàtọ̀. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní CAMS, ti 2008, lórí ọmọ 488, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ nìkan (60 nínú ọgọ́rùn-ún) àti oògùn nìkan (55) fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, méjèèjì pọ̀ sì dé 81. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀rọ̀ ná.

Fluoxetine kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. A ò ní fi èyí pa mọ́ fún yín: láti 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára sára irú oògùn yìí, nítorí pé lára àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀, èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ọmọ lójú méjèèjì ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, tí oorun dá, tí ọ̀rọ̀ ikú bá wọ ẹnu rẹ̀, ẹ padà lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ní ti "títí ayé", rárá o: lẹ́yìn tí ara ọmọ bá yá, wọ́n sábà máa ń lo oògùn náà fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan sí i, kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ọmọ tí kò lè jókòó sójú kan, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró ti iṣẹ́, lè lo methylphenidate, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Ó máa ń pa ebi, nítorí náà kí ọmọ jẹ oúnjẹ àárọ̀ kó tó lò ó. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà, òbí la máa kọ́kọ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísìmù (autism). Risperidone lè ran ọmọ tó ní in, tó ń gé ara rẹ̀ jẹ tàbí tó ń forí gbá ògiri lọ́wọ́, àmọ́ ó lè mú un sanra, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Wárápá ńkọ́? Oògùn ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ọmọ tí gìrì mú, ẹ má sì da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun.

Kẹ́míìsì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláásí

A mọ̀ pé kẹ́míìsì ojú pópó ló sún mọ́ ilé jù. Ẹ má ra Valium níbẹ̀ fún ọmọ, ẹ má fi Piriton rẹ ọmọ sùn kí ilé lè tòrò, ẹ má sì pín oògùn ọmọ kan fún àbúrò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kò sí ìtọ́jú nínú kí wọ́n na ọmọ, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ebi pa á nítorí wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 2007, lòdì sí ìyà bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú tí kò ní ìyà nínú wà: bí ẹ bá gba títì márosẹ̀ tó kọjá níwájú wa yìí dé Abẹ́òkúta, ẹ ó bá ilé ìwòsàn Aró, níbi tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn láti 1954, tó sì bá àwọn babaláwo àti adáhunṣe ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹbí aláìsàn kò fi í sílẹ̀, oògùn òyìnbó sì ń lọ ní tirẹ̀.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ọ̀pọ̀ òbí ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Yábàá, nítorí yẹ̀yẹ́ "Yaba Left" tí àwọn èèyàn ń fi ara wọn ṣe. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ti wà láti 1907, Oṣódì sì ni ẹ̀ka rẹ̀ tó wà fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà. Láti Abúlé Ẹ̀gbá, bọ́ọ̀sì BRT ń lọ tààrà sí Oṣódì. Ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn. Ilé ìwòsàn ìjọba Alimosho ní Ìgàndó lè kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà fún yín. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn, ọ̀bẹ àti oògùn apakòkòrò Sniper kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì pe nọ́mbà pàjáwìrì 112 tàbí 767. Ọ̀fẹ́ ni ìpè méjèèjì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dání, èsì ìdánwò rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, àti gbogbo oògùn tó ti lò rí, títí kan àgbo. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá lè kọ ohun tó ń ṣàkíyèsí sínú bébà kan, ẹ mú ìyẹn náà wá. Bí bàbá bá lè bá ìyá wá, kó wá.