Ìsédò Akosombo

Ìsédò Akosombo wà lórí Odò Volta ní orílẹ̀-èdè Ghánà. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì ti ń ra iná mànàmáná láti Ghánà láti ọdún 1972. Nítorí pé omi ni ó ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀dá òjò ní apá òkè odò náà, títí dé Burkina Faso, lè sọ Lomé àti Kútọnu sínú òkùnkùn. Ọ̀wọ́n iná bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984 àti 1998. Ìsédò Nangbéto, tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ní lórí Odò Mono láti ọdún 1987, kò lè mú ewu náà kúrò pátápátá, nítorí òjò ni òun náà gbójú lé. Bí ooru bá sì ń pọ̀ sí i, omi adágún yóò máa fà, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì máa béèrè iná sí i lákòókò kan náà. Gáàsì tí ó ń gba inú ọ̀pá wá láti Ìtòkí, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára ohun tí Ghánà fi ń dí àlàfo yìí.