Aràn wo ló wà nínú ìgbẹ́ ajá yín? Bí ẹ ṣe lè dá wọn mọ̀ rèé

Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá rí aràn nínú ìgbẹ́ ajá wọn, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ò ju kí wọ́n sáré ra oògùn aràn èyíkéyìí tí wọ́n bá rí, kí wọ́n fún ajá lò, ó parí. Àmọ́ aràn ò rí bákan náà o. Oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má ṣe òmíì ní nǹkan kan. Torí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Èyí tó gùn bíi sípàgẹ́tì

Roundworm nìyẹn. Ó funfun, ó rí róbótó, orí àti ìdí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ara ọmọ ajá ló pọ̀ sí jù, torí látinú ìyá wọn ni ọ̀pọ̀ ti ń kó o kí wọ́n tó bí wọn rárá, àwọn míì sì ń mu ún mọ́ ọmú. Tẹ́ ẹ bá ra ọmọ ajá tí ikùn rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀ ṣùgbọ́n tí egungun ìhà rẹ̀ hàn, ẹ má sọ pé ó yó ni. Aràn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó tiẹ̀ lè bì í jáde lẹ́nu nígbà míì.

Èyí tó dà bí hóró ìrẹsì

Tapeworm nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe odindi rẹ̀ lẹ rí. Aràn náà gùn, ó rí pẹlẹbẹ, inú ìfun ló dì mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń já lára rẹ̀, àwọn tó já yẹn ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Tí wọ́n bá ṣì tutù, ẹ lè rí i tí wọ́n ń mira. Tí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á dà bíi yánmọtí, wọ́n á lẹ̀ mọ́ irun ìdí ajá tàbí ibi tó ń sùn sí.

Kòkòrò kékeré tó máa ń fò nínú irun ajá, tí wọ́n ń pè ní flea, ló sábà máa ń gbé èyí wá. Kì í ṣe eégbọn o. Tí ara bá ń yún ajá, á fi eyín họ ara, á sì gbé kòkòrò náà mì. Tẹ́ ẹ bá pa aràn tẹ́ ò pa flea, ẹ máa tún rí ìrẹsì yẹn láìpẹ́.

Àwọn tí ẹ lè má rí

Àwọn méjì yìí ló ń tan èèyàn jù. Hookworm kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, àti èèrìgì tó ti funfun. Tó bá jẹ́ pé dúdú ni èèrìgì ajá yín látilẹ̀wá, ẹ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Hookworm lè pa ọmọ ajá.

Èkejì ni whipworm, tó tín-ín-rín bí òwú lápá kan, tó wá nípọn lápá kejì bí ibi tí wọ́n ti ń di pàṣán mú. Ìgbẹ́ tó ń yọ̀ bí ikun, tí ẹ̀jẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, ló máa ń fà. Torí náà, pé ẹ ò rí aràn ò túmọ̀ sí pé kò sí.

Ṣé kì í ṣe ìdin?

Tí ìgbẹ́ bá ti wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ kan, eṣinṣin á ti yé ẹyin sí i. Ìdin lẹ rí yẹn, kì í ṣe aràn. Ìgbẹ́ tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Kí ló kan àwọn ará ilé?

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bọ́rọ̀ ajá ṣe rí náà nìyẹn. Ẹyin roundworm lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọmọdé bá ṣeré níbẹ̀, tó fi ọwọ́ sẹ́nu, ọmọ aràn náà lè rìn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, kódà ojú, ó sì lè ba ìríran ọmọ náà jẹ́. Ti hookworm ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, á máa yún èèyàn, á sì fa ilà wọ́gọwọ̀gọ sábẹ́ awọ ara.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ṣá. Ẹyin roundworm tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò tíì lè ran èèyàn. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lágbára. Tẹ́ ẹ bá ń palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́ lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́, tẹ́ ẹ̀ ń wọ bàtà, ẹ ti ṣe púpọ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ ya fọ́tò ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ fi ọ̀rá bọwọ́, ẹ bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ tútù náà sínú ike tó mọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi máíkírósíkóòpù wá ẹyin aràn níbẹ̀. Àwọn tó wà n'Ìbàdàn lè lọ sílé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ará Abẹ́òkúta sì ní ti FUNAAB.

Pyrantel wà fún roundworm àti hookworm, praziquantel fún tapeworm, fenbendazole sì ń ṣiṣẹ́ fún whipworm. Bí ajá bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn oògùn, torí náà ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ má sì gé oògùn èèyàn fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún un ní ááyù tàbí àlùbọ́sà. Méjèèjì ló ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, á máa lò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí á fi pé oṣù 6. Àgbà ajá lè máa lò ó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá rí òkú aràn nínú ìgbẹ́ lẹ́yìn oògùn, ẹ má bẹ̀rù, iṣẹ́ ni oògùn ń ṣe.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ ajá tí kò jẹun, tó rẹ̀ wálẹ̀, tí èèrìgì rẹ̀ funfun tàbí tó ń ya ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìgbà wo lajá yín lo oògùn aràn kẹ́yìn?